Àwo Idẹ Tó Sọnù ní Àbá Sàlámì

Ohun tí bàbá mi fi pamọ́ fún ọdún méjìdínlógójì kò fẹ̀ ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìtàn ẹni tí kò lábàwọ́n ni mo fẹ́ sọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni bàbá mi. Sùrájù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá ni, Bàbá Munirat sì ni gbogbo ojúlé wa ní Bàrígà ń pè é, nítorí pé èmi ni àkọ́bí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí lójú mi. Èmi ni mo máa ń bá a jà, nítorí Ọlọ́run fún mi ní ẹnu tó tó ti ènìyàn méjì.

Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà. Látìgbà tí bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, nínú àga onígi kan tó kọjú sí omi. Nígbà ọyẹ́, afárá gígùn tó wà lórí ọ̀sà á pòórá nínú kùrukùru, a ò ní rí òpó rẹ̀ mọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lórí rẹ̀ á sì máa lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Bàbá mi á máa wò wọ́n títí ojú rẹ̀ á fi pa dé. Kò ní í sùn tán, kò sì ní í jí tán. Ibẹ̀ ló ti máa ń béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti fún wọn lọ́nà? Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ orí afárá ló ń sọ. Èmi tí mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dáhùn pé wọ́n ti fún wọn, kí ó máa sùn. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún béèrè.

Ohun kejì tí kò yé mi nípa rẹ̀ ni ti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti ẹnu ọ̀nà wa, tí ènìyàn bá gba òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé. Bàbá mi kì í gbà á. Á yípo lọ sí apá Akọka, á wá padà wá láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Màmá mi, Rùkáyátù, tí ó ti dolóògbé báyìí, máa ń sọ pé ajá wà lójú ọ̀nà tó kúrú yẹn. Láti ìgbà tí a ti kó dé Bàrígà ni mo ti ń gba ibẹ̀, mi ò rí ajá kankan rí.

Ìwé, gègé àti fáìlì ni mò ń tà ní Onípanu. Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni bàbá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá rajà lọ́wọ́ mi. Àwọn oníbàárà tó kù ń ra ohun tó bá wà ńlẹ̀. Tiẹ̀ yàtọ̀. Pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ló ń rà, kì í ra báírò. Okùn òwú ló ń rà, kì í ra pínnì, nítorí pé pínnì ń dípẹtà, ìpẹtà sì ń jẹ ìwé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ pé ìwé ló gbé níyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin tó bá dàgbà tó òun, tí ìwé bá ṣì fẹ́ ẹ, kó dúpẹ́. Adéjìmí ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe akọ̀wé rí níbi tí wọ́n ti ń ṣètò àkókò ọkọ̀ ojú irin, ó sì ní kí n wá wo ohun tí òun ń fi okùn òwú mi ṣe.

Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yàrá méjì ni, lókè ilé kan ní Ṣómólú, tí ilé ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó kọ Ilé Àkójọ Ìtàn Rélùwéè sára pátákó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ láti àwọn teṣàn tí igbó ti bò, tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, fìlà gáàdì, àtùpà aláwọ̀ pupa àti ewé, gbogbo rẹ̀ ló tò sórí pákó láti ilẹ̀ dé àjà. Ìgbàkígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ilẹ̀ yàrá náà á máa gbọ̀n rìrì, fèrèsé á máa mì, àwọn fọ́tò ara ògiri á máa mì pẹ̀lú. Mo di etí tábìlì mú. Ṣe ló dà bí ẹni pé inú ọkọ̀ la wà, tí ó ti gbéra, tí kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó ń lọ fún wa.

Alàgbà Adéjìmí kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ ló ń gbà. Ó ní àpótí kan tó kún fún fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ mú ojú kan, kó sọ orúkọ ẹni tó ni ín, kí alàgbà fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló sábà ń wá, lọ́jọ́ Alàmísì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jiyàn lórí irùngbọ̀n àti etí. Èmi kò mọ ojú kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì àti páálí ṣe ìrànwọ́ dípò orúkọ, mo sì ṣèlérí pé màá mú ẹni tó mọ orúkọ wá.

Bí mo ṣe mú bàbá mi débẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ọ̀rọ̀ mi le, mo sọ fún un pé bó ṣe ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, omi ọ̀sà ló máa gbé e lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Mo fẹ́ kí ẹ rí i ní ọjọ́ náà. Ó ju ogójì ojú tó dárúkọ. Ó sọ ẹni tó fẹ́ràn gúgúrú, ẹni tó ń sunkún tó bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, àti ẹni tó fẹ́yàwó méjì ní teṣàn méjì tí àwọn ìyàwó náà sì ń fi ọkọ̀ ẹrù ránṣẹ́ èébú síra wọn. Àwọn àgbààgbà yẹn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ wa. Bàbá mi di ẹni ọgbọ̀n ọdún lójú mi, inú mi sì dùn débi pé mo lọ ra àkàrà fún gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ Alàmísì kẹta, alàgbà gbé fọ́tò kan síwájú rẹ̀. Dírẹ́bà kan ló yọrí síta láti inú ẹ́ńjìnnì, ó gbé apá sókè bí ẹni ń kí ènìyàn, eyín rẹ̀ funfun. Bàbá mi wò ó, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó yára sọ ọ́ jù. Ẹni tó rántí ẹni tó fẹ́ràn gúgúrú láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, òun ni kò mọ ojú tó mọ́ tó báyìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara mi.

Alàgbà kò fura. Ó ti ń fà wá lọ sí yàrá kejì láti fi ohun tuntun hàn wá. Ẹ̀rọ irin pupa kan ló gbé sórí tábìlì, ó tó ìdajì ènìyàn, wọ́n kọ ÀBÁ SÀLÁMÌ sára rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi nítorí pé èmi nìkan ni kì í ṣe ọmọ rélùwéè. Láàárín teṣàn kan àti èkejì, ojú irin kan ṣoṣo ló wà, bí ọkọ̀ méjì bá wọ̀ ọ́ pọ̀, ikú ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún dírẹ́bà ní àwo idẹ róbótó kan nínú àpò awọ tó ní òrùka irin ńlá. Láìsí àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ojú irin. Tó bá dé teṣàn kejì, á na apá síta bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, ẹni tó wà nílẹ̀ á fi apá tiẹ̀ kọ́ òrùka náà, á sì lọ fi àwo sínú ẹ̀rọ. Ìgbà tó bá wọ inú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ tó gbà pé ọ̀nà ti ṣófo. Bí kò bá wọlé, lójú òfin, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà, ìbáà ti délé láti àná.

Ó ní àwo ẹ̀rọ yìí kò pé. Ọ̀kan ti sọnù láti ọdún 1963. Ó fi fáìlì ẹjọ́ rẹ̀ hàn mí: dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wálé fi àìbìkítà ju òrùka náà sínú igbó, wọ́n rí òrùka àti àpò rẹ̀ tó ṣófo, wọn ò rí àwo. Ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró fún wákàtí méje. Wọ́n gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ dírẹ́bà náà, ibi tí wọ́n ti ń kó eérú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ni wọ́n fi í sí títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ sílé.

Lásìkò yẹn, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba tuntun gbé kalẹ̀ ń jókòó, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ láyé àwọn ológun, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e jáde. Gbogbo ilé ló ń wò ó. Ènìyàn á jáde, á tọ́ka sí ẹni tó ṣe é, ẹni tó ṣe é á fojú ganganran sọ pé òun kò ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ń wo ọ̀kan nínú wọn tó ń sẹ́ lọ ràì. Mo bú u láti orí àga mi. Bàbá mi dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tí àpótí aṣọ rẹ̀ dún. Ó padà wá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó ká mọ́ nǹkan, ó tú u sórí itan mi. Àwo idẹ náà ni. ÌDÍ-ÒROMBÓ ní apá kan, ÀBÁ SÀLÁMÌ ní apá kejì.

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò sì wo ojú mi. Òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ́wálé na apá, òun sì kọ́ òrùka náà láìsí àṣìṣe. Bó ṣe gbà á tán ni aládùúgbò kan sáré dé láti ilé àwọn òṣìṣẹ́ pé Rùkáyátù ti ń rọbí láti òru, pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ó sáré lọ pẹ̀lú òrùka náà lórí èjìká rẹ̀, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ti dé, tí ìyá sì lajú, ló tó rí i. Ọkọ̀ èrò ti dúró fún wákàtí mẹ́ta nígbà náà, ọ̀gá teṣàn ti kọ ọ́ sínú ìwé pé dírẹ́bà ni kò fi àwo sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó yọ àwo, ó ju òrùka àti àpò sínú igbó. Nígbà tí ìwádìí dé, ó ní òun kò rí nǹkan gbà.

Ọmọ tó dé lọ́jọ́ náà, èmi ni.

Inú bí mi. Mi ò lè purọ́ pé àánú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ní. Mo béèrè pé nígbà tó ń gbọ́ ìwàásù nípa ẹ̀rí èké lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ibo ló ń fi etí sí? Ó ní òun fẹ́ jù ú sínú ọ̀sà nígbà tí a kó wá sí Bàrígà, òun dé etí omi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò ṣí.

Ó ní, "Bí mo bá jù ú sómi, kò lè wọ ẹ̀rọ mọ́ láé. Ọkọ̀ Ọmọ́wálé á wà lójú ọ̀nà títí ayé."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkọ̀ ọjọ́ náà ló ń béèrè ọ̀nà fún nínú oorun rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọkọ̀ orí afárá, mo sì mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò tó ní òun kò mọ̀. Mo tún mọ ìdí tí kì í fi í gba òpópónà ẹ̀yìn ilé, nítorí pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni Ọmọ́wálé ń gbé, ní ilé aláwọ̀ ewé tí èmi fúnra mi ti máa ń ra yìnyín. Ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń gbé àdúgbò kan náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìlọ́po méjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́, ìyẹn Ọmọ́wálé, ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà ní ìlà iwájú, bàbá mi sì ń fara pamọ́ sí ìlà ẹ̀yìn.

Ó bẹ̀ mí kí n bá òun gbé àwo náà fún alàgbà, kí n ní ọjà ni mo ti rí i rà. Mo kọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹun dáadáa. Ó ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ á pa dé, á sì là á padà bí ẹni tó rí nǹkan níbẹ̀. Inú mi ń rọ̀, mo ń mú un le padà. Ní ọjọ́ kẹrin ló ní kí n lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Alàgbà Adéjìmí, kí ó pe Ọmọ́wálé wá. Alàgbà gbọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun kò lè yọ nǹkan kan kúrò nínú fáìlì, wọn kì í pa ìwé àkójọ rẹ́. Ìwé mìíràn nìkan ni wọ́n lè fi kún un. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ọjọ́ Alàmísì tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ọmọ́wálé, dírẹ́bà náà fúnra rẹ̀, wá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn, funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Alàgbà sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa mẹ́rin péré la jókòó. Àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé ń mì lára ògiri. Bàbá mi gbé àwo idẹ náà sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́, àní òrùka tó jù sígbó.

Bàbá Ọmọ́wálé na ọwọ́, ó fi ìka wá orí tábìlì títí ó fi kan àwo náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ àwọn lẹ́tà ara rẹ̀.

Ó ní, "Mo rí ọ. Mo bojú wẹ̀yìn láti inú ẹ́ńjìnnì, mo rí ọ tí ò ń sáré lọ, òrùka wà léjìká rẹ. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní wọ́n ti rí òrùka nínú igbó."

Bàbá mi ń sunkún sórí pákó ilẹ̀ bí ọmọdé, mi ò sì rí i kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí a sin màmá mi.

Bàbá Ọmọ́wálé tún ní, "Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló ń lé e? Ọmọ rélùwéè kì í gbé àwo sáré. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá mi ní ìyàwó òun ló ń rọbí.

"Kí ló bí?"

Bàbá mi nawọ́ sí mi, kò rántí pé bàbá náà kò ríran. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Èmi ni ó bí, Bàbá. Ẹ̀mí mi àti ti màmá mi là." Lẹ́yìn náà, ẹnu mi tó tó ti ènìyàn méjì pa dé. Ojú ń tì mí pé mo wà láàyè, inú mi sì ń dùn pé mo wà láàyè, èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nínú méjèèjì kò yé mi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi.

Ó béèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní méjìdínlógójì. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, mo mọ̀ pé iye ọdún tó fi kó eérú ló ń kà.

Ó ní, "Ìwọ dìde. Ìwọ kọ́ lo gbé e." Ó yí ojú sí ibi tí ẹkún bàbá mi ti ń wá. Kò sọ fún un pé kó dìde. Ó ní, "Sùrájù, kọ ọ́. Kọ ọ́ kó hàn, kí àwọn ọmọ mi lè kà á."

Alàgbà gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù wá. Orí ilẹ̀ tó wà náà ni bàbá mi ti kọ ọ́, ilẹ̀ náà ń gbọ̀n, àwọn ìlà rẹ̀ sì wọ́. Nígbà tó parí, ó gbé e fún mi láti kà. Àwo idẹ wà lórí tábìlì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó mọ́. Mo kà á sókè: "Èmi Sùrájù ni mo gba àwo lọ́wọ́ dírẹ́bà Ọmọ́wálé ní Àbá Sàlámì. Ó fún mi dáadáa. Mo gbà á dáadáa. Èmi ni mo gbé e lọ, èmi ni mo sì parọ́. Dírẹ́bà Ọmọ́wálé kò jáfara. Iṣẹ́ rẹ̀ pé."

Bàbá Ọmọ́wálé tẹ́tí sílẹ̀, ó fi àgbọ̀n lé orí ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kà á lọ́jọ́ náà, ìgbà tó máa fi di ẹ̀kẹrin, mi ò wo ìwé mọ́.